Ẹ̀rí Tí Dádì Jẹ́ Nítorí Káyọ̀dé

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mú ọwọ́ kúrò nínú báàgì yẹn! Fòlú, ṣé etí ẹ ti di ni? Mo ní mú ọwọ́ ẹ kúrò. Ṣé tòmátì lẹ̀ ń rà ni, tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ wò, tẹ́ ẹ̀ ń gbóòórùn ẹ̀? Ẹ jókòó. Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn, kẹ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Àgbàlagbà fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?

— Bọ̀dá Láńre, ẹ ò tíì dàgbà o. Ìyàwó gan-an, ẹ ò tíì ní.

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ Àǹtí Bísí! Ìyàwó ló ń sọni di àgbà? Fòlú, wá gbé etí lé orúnkún mi yìí, wàá gbọ́ bó ṣe ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Wo ẹnu mi. Eyín iwájú yìí, wọ́n kàn fi síbẹ̀ ni, èyí tí Ọlọ́run fún mi wà lórí yìnyín níbì kan. Ẹni tó bá ti ń gbá họ́kì láti kékeré, tó bá ti lé ní ogún ọdún, bàbá àgbà ni. Ẹ máa pè mí ní Bàbá. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀... Ó dáa, ó dáa, ẹ má dọ̀bálẹ̀ mọ́, ilẹ̀ gáréèjì yìí dọ̀tí.

Tèmi, ìwọ ẹ̀gbọ́n Fòlú, bọ́ síbi òjìji yẹn. Mo mọ̀ pé páàdì àyà lo wá gbà, mo mọ̀ pé ọ̀la lẹ ní ìdíje. Mo máa fún ẹ. Ṣùgbọ́n látìgbà tẹ́ ẹ ti dé ni mo ti ń wò ẹ́. Ìwọ tó o máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, o ò rẹ́rìn-ín. O ń di ojú sí oòrùn. Ṣé orí ń fọ́ ẹ ni?

— I'm fine, Bọ̀dá Láńre.

Ẹn-hẹ́n. O wà fáìn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ wo Màmá bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Màmá, ẹ kú ìjókòó, mà! Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ wọ́n, ìyá ìyàwó Bọ̀dá Wálé ni, àwọn tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé yẹn ló fẹ́ sọ wọ́n di ẹja inú fìríìjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá gba ooru lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà wọn, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ kọ́ ìwà lára wọn.

Ẹ gbọ́. Láyé ìgbà tí gbogbo eyín mi ṣì pé lẹ́nu, kò sí ọmọ Yorùbá kankan ní ìlú Richardson yìí tó ń gbá họ́kì. Kò sí o. Ta ló máa gbá a? Àwọn òbí wa ní àwọn fẹ́ràn Dallas torí pé ooru ẹ̀ jọ ti ilé. Kí wọ́n wá máa wa ọkọ̀ lórí fíríwéè láàárín ooru, kí wọ́n máa gbé ọmọ lọ síbi tí á ti gan nítorí òtútù? Ẹ rò ó wò. Níta, ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀. Nínú ilé yìnyín, àwọn màmá wọ kóòtù, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọ́n gbé fúláásì tíì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ̀yin ti òde òní, ẹ kàn ń wọlé ni, bíi pé ilé bàbá yín ni. Ní tiwa, tá a bá wọlé, gbogbo ibẹ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á wò wá, wọ́n á wá rò pé a ṣìnà, pé ibi tí wọ́n ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì là ń wá.

Aṣọ ọ̀fẹ́ ló fà á. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Aṣọ ọ̀fẹ́ ni o.

Dádì mi, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, àwọn ọmọ ẹ̀ ti dàgbà. Ó gbé báàgì ńlá kan fún Dádì, ó ní àwọn nǹkan ìgbá-họ́kì ló wà ńbẹ̀. Dádì ò mọ ohun tó ń jẹ́ họ́kì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, wọ́n sì gbà á. Inú gáréèjì yìí náà ni wọ́n tú u sí. Òórùn tó jáde níbẹ̀! Ṣé ẹ mọ irú tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Òun náà nìyẹn. Dádì mú páàdì ojúgun, wọ́n so ó mọ́ apá Káyọ̀dé. Wọ́n mú ti ìgúnpá, wọ́n fi sí orúnkún. Káyọ̀dé dúró síbí yìí, ó na ọwọ́ síwájú, kò lè ká a. Mọ́mì jáde láti kíṣìn-ìn, wọ́n pariwo: "Kí lẹ dì mọ́ ọmọ mi lára yìí? Ogun ló fẹ́ lọ ni?"

Dádì ní: "Nǹkan gidi ni, Ìyá Káyọ̀dé. Wo bó ṣe nípọn. Ṣé ká dà á nù ni?"

A ò lè dà á nù. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Nígbà tá ò sì lè dà á nù, ẹnì kan ní láti wọ̀ ọ́. Bí Káyọ̀dé ṣe di agbá-họ́kì nìyẹn. Aṣọ ló kọ́kọ́ dé, eré wá tẹ̀ lé aṣọ.

Káyọ̀dé... Ẹ̀yin mọ Bọ̀dá Káyọ̀dé tó wà lókè yìí, tí wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ rọra rìn tẹ́ ẹ bá wọlé. Ẹni tó fi kọ́tìnnì dúdú dí fèrèsé. Ẹni tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ariwo. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe òun ni mò ń sọ. Káyọ̀dé tí mò ń sọ, ariwo gan-an ni. Á fi ohùn pásítọ̀ pe Mọ́mì lórí fóònù, á ní: "Ìyá nínú Olúwa, Ẹ̀mí ní kẹ́ ẹ dín móínmóín kù nínú oúnjẹ Láńre, kẹ́ ẹ fi kún ti Káyọ̀dé." Mọ́mì á ní àmín! Wọ́n á ti ní àmín kí wọ́n tó mọ̀ pé inú ilé lẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀fẹ̀ tí mò ń bá yín ṣe yìí, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ìwọ̀nba èyí tó bọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀ ni mo ṣà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àṣíborí. Àṣíborí ni àwọn pásítọ̀ ń pè é, ẹ̀yin ń pè é ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà nínú báàgì yẹn tóbi. Ọmọ òyìnbó yẹn, orí ẹ̀ ò kéré. Tí Káyọ̀dé bá mi orí, orí á lọ, àṣíborí á dúró. Dádì ní: "Á dàgbà sí i." Ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn? Bàtà wa, á dàgbà sí i. Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, á dàgbà sí i. Mọ́mì wá ká ìborùn àtijọ́ kan, wọ́n fi há inú ẹ̀. Ó há dáadáa. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀yin ti òde òní, wọ́n á wọn orí yín níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mì í, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin á wá máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọ̀ ẹ̀ ò bá jẹ́sì yín mu.

Kóòṣì ìgbà yẹn, òyìnbó kan ni, imú ẹ̀ ti ṣẹ́ títí tó fi yà sí apá kan. Tí ọmọ kan bá ṣubú, ohun tó máa sọ ni: "Ta ló ń sùn níbẹ̀ yẹn? Yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì!" Ọmọ á dìde. Ẹsẹ̀ ń ro ó, á dìde. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ ọn, á padà. Nínú yàrá ìmúra, wọ́n á máa ṣí aṣọ fi ojú egbò han ara wọn, bí ẹni ra bàtà tuntun. Ẹni tí kò bá ní egbò, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, Dádì kórìíra ẹ̀. Wọ́n ní, "Eré àwọn tó ń fi ọ̀pá lé ara wọn." Ìgbà tó yá, Sátidé kan, róbà dúdú tí wọ́n ń gbá yẹn ba ọmọ kan lẹ́nu. Ọmọ náà tutọ́ sílẹ̀, ó nu ẹnu, ó ń bá eré lọ. Ìyá ẹ̀ ò dìde lórí ìjókòó. Bá a ṣe ń lọ sílé lórí fíríwéè, Dádì ní: "Ẹ rí ọmọ yẹn? Kò sunkún o. Ẹ̀yin ẹ rò pé èmi ni mo le jù láyé. Ẹ rí i báyìí? Òyìnbó náà ń kọ́ ọmọ wọn." Látọjọ́ yẹn, ìyá àti bàbá họ́kì ni Dádì. Kóòṣì tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí ni wọ́n rí. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa nílé, pé ọkùnrin kì í pariwo ìrora, òun náà ni kóòṣì ń sọ lórí yìnyín. Níbo wá ni Káyọ̀dé fẹ́ sá sí?

Tèmi, ò ń gbọ́? Máa gbé orí sókè. Ó dáa, fi ti ògiri, kò burú.

Ẹ wá gbọ́ ọjọ́ náà. Sátidé ni. Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oak Cliff lọ́hùn-ún. Dádì ti sọ fún àwọn bàbá ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n wá wo ọmọ òun. Wọ́n wá tààrà láti ibi ìpàdé àdúrà, pẹ̀lú agbádá àti fìlà, wọ́n tò sórí ìjókòó. Wọn ò mọ òfin kankan. Tí ẹnikẹ́ni bá ti gbá róbà yẹn, wọ́n á pariwo góòlù! Mo kéré nígbà yẹn, mo jókòó sáàárín wọn, agbádá bò mí, ó móoru.

Káyọ̀dé ń sáré lọ síbi igun. Ọmọ kan láti ẹgbẹ́ kejì wá láti ẹ̀yìn. Orí Káyọ̀dé gbá ògiri pákó tó yí yìnyín ká. Ariwo ẹ̀... ẹ jẹ́ n má ṣe é fún yín. Àṣíborí yí lórí ẹ̀, irin tó yẹ kó wà níwájú ojú wá kọjú sí etí. Ìborùn Mọ́mì yọ síta lábẹ́ ẹ̀, pupa, lórí yìnyín funfun yẹn. Ẹnì kan rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Ó sùn sílẹ̀, kò mira.

Kóòṣì ké: "Yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì!" Dádì dìde lórí ìjókòó, wọ́n ké ju kóòṣì lọ: "Káyọ̀dé! Ọmọ Ajíbádé! Dìde ńbẹ̀! Dìde lórúkọ Jésù!" Gbogbo àwọn bàbá dìde, wọ́n na ọwọ́ sórí yìnyín, "Dìde! Dìde!" Àwọn òyìnbó ń wò wá, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Káyọ̀dé sì dìde.

Ah! Haleluyà tó sọ nínú ilé yẹn! Agbádá ń fò. Wọ́n gbé mi sókè. Kóòṣì bi í pé ṣé ó wà dáadáa. Ó ní, "I'm fine." Wọ́n yí àṣíborí ẹ̀ padà síwájú, wọ́n ti ìborùn wọlé, ó gbá eré náà parí.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò ní máa dà yín láàmú.

Ọjọ́ kejì, Sunday. Dádì ní kí Káyọ̀dé wọ jẹ́sì ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́sì họ́kì, lórí ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ẹ̀rí, Dádì ti wà níwájú kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n di ọmọ wọn mú léjìká. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí ṣubú lójú mi, ẹ̀mí mi lọ. Mo pè é, ó dìde. Ẹ wò ó! Kò sí nǹkan kan tó ṣe é! Kò ní àpá kankan!" Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n lu ìlù, wọ́n tẹ dùùrù, wọ́n jó yí Káyọ̀dé ká. Ibi tí wọ́n mú un dúró sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá yẹn gan-an ni. Ó di ojú, ó di í pa. Àwọn ìyá ń sọ pé, "Ẹ wo ọmọ tó ń dúpẹ́."

Kì í ṣe ọpẹ́. Orí ló ń fọ́ ọ.

Òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ fún mi, ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú, ó ní èébì wà lọ́fun òun níbi tí wọ́n ti ń jó yí òun ká. Mo ní kí ló dé tó ò sọ? Ó wò mí. Ó ní: "Láńre, wọ́n ti jẹ́rìí sí i. Tí mo bá ní orí ń fọ́ mi, ṣé Dádì ò di onírọ́ níwájú ìjọ nìyẹn?" Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n bi í, ó ní òun wà fáìn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n o! Ṣùgbọ́n ta ló máa fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ojú ọmọ wò, tí Ọlọ́run ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wò sàn?

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ, ó lọ. Wọ́n kàn sún un díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, díẹ̀ ni. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá rí i. Èjìká kan èjìká. Ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sùn. Kóòṣì ké. Dádì ké: "Ọmọ Ajíbádé, dìde!" Wọ́n ké é títí ohùn wọn fi há. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde.

Ó pẹ́ ní ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ló wá bá Dádì sọ̀rọ̀. Dádì ń bi í nípa àṣíborí: ṣé torí pé ó tóbi ni, ṣé ó yẹ ká ti ra tuntun ni? Obìnrin náà ní kò dáa kó tóbi, ṣùgbọ́n ó ní: "Ohun tó wà nínú agbárí ló mì, sà. Kò sí páàdì tí wọ́n lè fi síbẹ̀. Ìsinmi nìkan ni. Ṣé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí ń fọ́ òun ni?"

Káyọ̀dé padà wálé. Ó ń rìn, ó ń jẹun, àwọn èèyàn ń dúpẹ́. Ó tiẹ̀ wọ yunifásítì ní Denton. Ṣùgbọ́n á ka ojú ìwé kan, á tún un kà, á tún un kà, kò ní dúró sí i lórí. Iná inú kíláàsì ń pa á lójú. Ó padà sílé, ó ra kọ́tìnnì dúdú. Ẹ̀fẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó lọ. Mo fi ohùn pásítọ̀ pè é lórí fóònù, láti inú gáréèjì yìí, kó lè rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà." Ó rò pé pásítọ̀ ni. Òun tó kọ́ mi.

Dádì ò jẹ́rìí mọ́ láyé wọn. Tí wọ́n bá ní ta ló ní ẹ̀rí, wọ́n á jáde lọ wo ọkọ̀. Wọ́n máa ń wá jókòó síbí yìí, wọ́n á gbé jẹ́sì yẹn lé itan. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ, wọ́n sọ fún mi pé: "Láńre, èmi ni mo jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà."

... 

Ẹ jẹ́ n mumi.

Tèmi. Páàdì àyà tìẹ, kí ló fọ́ ọ?

— Mo ṣubú ní Sátidé. Kò tó nǹkan.

— Irọ́ ni! Orí ló fi gbá ògiri! Ó bì lánàá, ó ní kí n má sọ!

— Fòlú, pa ẹnu ẹ dé! Bọ̀dá Láńre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì wa. Níbi ìdíje ọ̀la ni wọ́n ti máa yan àwọn tó máa wọ ẹgbẹ́ ńlá. Mọ́mì ti sọ fún gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ń gbàdúrà sí i.

Wọ́n ti ń gbàdúrà sí i. Ṣé ẹ gbọ́? Ohun kan náà ni. Jẹ́sì ti yí padà, àṣíborí ti bá orí mu, ọmọbìnrin náà ti ń gbá a, kóòṣì tuntun ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ò yí padà rárá.

Má sunkún. Rárá o, kí ni mò ń sọ? Sunkún. Sunkún dáadáa.

Ìmọ̀ràn àgbà rèé, kẹ́ ẹ gbà á. Tèmi, ọ̀la, má wọ aṣọ yẹn. Ìwọ fúnra ẹ lọ bá ìyá ẹ, sọ fún un pé, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ò pọ̀, ó kàn wúwo ju gbogbo páàdì inú báàgì yìí lọ ni. Èmi ò ní sọ. Mo ti gbá họ́kì, mo mọ òfin ẹ̀, a kì í tú àṣírí ara wa. Èmi kì í ṣe aṣòfófó. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnu mi. Bó bá pẹ́ títí di àárọ̀ ọ̀la, mo máa dúró, mo máa máa wo ojú ẹ títí wàá fi sọ ọ́. Ayé ti yí padà, àwa náà gbọ́dọ̀ yí padà. Àbí irọ́ ni mo pa? Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ayé, ẹ bá mi dá sí i. Kí lẹ rí sí i?

— Ọmọ ní orí ń fọ́ òun, ó ti bì, o jókòó tì í ò ń pìtàn. Ìwọ náà ò kúkú tíì sọ fún ìyá ẹ̀.